Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe dáadáa ní sọ́ọ̀bù mi, tó ń kọṣẹ́ nílé ẹni tó ni ín

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa nìyẹn. Bàbá kan ní Mọ̀pà ní Kogi ló ni kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, mi ò ní dárúkọ wọn, tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti jẹ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n máa pè wọ́n ní Bàbá Tíṣà. Désktọ́ọ̀pù tokunbo ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún, ọmọ wọn ló rà á l'Ékòó fún wọn kó tó rìnrìn àjò, àpótí ẹ̀ wúwo bí ìyá ọlọ. Core 2 Duo ni processor ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀, RAM ẹ̀ 2GB, háàdì dísìkì ẹ̀ 160GB, Windows XP ló sì wà nínú ẹ̀ títí di ìgbà ọyẹ́ tó kọjá tí wọ́n pè mí. XP tí Microsoft ti fi sílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2014! Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ tán, fláàṣì tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́, gbogbo fáìlì inú ẹ̀ á di ṣọ́tkọ́ọ̀tì.

Èèyàn méjì ló ń lò ó. Bàbá ń tẹ ìtàn ìdílé wọn àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ, ọmọ ọmọ wọn tó wà ní SS3 sì fẹ́ máa fi múra JAMB. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ní òun á fi owó kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́, Bàbá ní rárá, èyí tó wà ńlẹ̀ ò tíì kú. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn ni mo sọ pé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ló máa yanjú ẹ̀. Ẹnu mi ti yá jù nígbà yẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gun ọ̀kadà láti Ìsánlú, sọ́ọ̀bù mi nìyẹn, mo mú fláàṣì méjì dání. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n fi Linux orí fláàṣì gbé kọ̀ǹpútà dìde láìfọwọ́ kan háàdì dísìkì, kí n kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì ẹni tó ni ín jáde. Fláàṣì àkọ́kọ́ ò dìde, ẹ̀bi tèmi ni ìyẹn, mo ti fi Rufus, ètò tó ń gbé Linux sórí fláàṣì, ṣe é ní GPT, ìlànà ti kọ̀ǹpútà ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ayé ijọ́un sì rèé, BIOS lásán ló ní, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, kò mọ UEFI tó rọ́pò ẹ̀. Mo tún un ṣe lórí láptọ́ọ̀pù mi ní MBR, ìlànà ti àtijọ́. Mo wọ BIOS, mo gbé USB síwájú kó lè kọ́kọ́ wo fláàṣì, mo fi í pa mọ́ dáadáa, bí mo ṣe ní kí n tún un tàn báyìí ni NẸ́PÀ mú iná lọ. Nígbà tí iná fi máa dé, ìrẹsì ti délẹ̀, a ti jẹun, ọmọ ọmọ Bàbá bá mi tan kọ̀ǹpútà, ó lọ tààrà sínú XP. Mo padà sínú BIOS, USB tí mo gbé síwájú ti padà sẹ́yìn. Mo ní bóyá mi ò tẹ F10 tí a fi ń pa á mọ́ ni. Mo tún un ṣe, ó dìde, mo kó fáìlì Bàbá jáde, ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ti kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é fún mi, etí mi ló di.

Linux Mint Xfce, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, ni mo kọ́kọ́ gbé wò fún wọn. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé RAM 2GB ló kéré jù, 4GB ló dáa, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, nítorí bí Firefox ṣe ṣí ojú ìwé méjì, iná háàdì dísìkì ò paná mọ́, máọ̀sì ń fà bí ìgbín. Ni mo bá pinnu pé antiX, oríṣi Linux mìíràn, ni màá fi sí i, ó fẹ́ẹ́rẹ́, LibreOffice tí Bàbá máa fi tẹ̀wé wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Core 2 Duo jẹ́ 64-bit, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí tó bá jẹ́ 32-bit nìkan ni, irú ti àtijọ́, ọ̀nà ti ń dí díẹ̀díẹ̀, Debian 13 (Debian ni ìpìlẹ̀ antiX) tó jáde ní 2025 ò tiẹ̀ ṣe fláàṣì ìfisórí fún irú wọn mọ́.

Iná Mọ̀pà ò jẹ́ n lè jókòó ṣe é níbẹ̀, mo gbé àpótí náà lọ sí Ìsánlú. Mo ṣí i, eruku pupa tó wà nínú ẹ̀ tó fi gbin ẹ̀fọ́, ẹyin ọmọńlé méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Mo fẹ́ gbogbo ẹ̀ jáde, mo fi ọ̀dà tuntun tó ń gbé ooru kúrò sórí processor. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án ní sọ́ọ̀bù, ó kọ nǹkan kan sójú dúdú pé kí n tẹ F1 tàbí F2, mo tẹ F2, mo rí i pé ọjọ́ inú ẹ̀ ò tọ̀nà, mo tún un ṣe. Mo ní àbí nígbà tí wọ́n gbé e lórí ọ̀kadà ni. Mo gbàgbé ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fi antiX sí i, kò pẹ́ rárá, mo to kíbọọ̀dù Yorùbá sí i, nítorí ó ti wà nínú Linux tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa yan Nigeria, kí ẹ yan Yoruba ni, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ àti ọ tó nísàlẹ̀, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dán an wò, ínfátà ló wà ní sọ́ọ̀bù mi, iná kì í lọ, mi ò yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ kúrò lára ògiri rárá. Kò kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn bí ẹni tó bí ọkùnrin.

Mo gbé e padà fún Bàbá. A so ó, a tàn án, mónítọ̀ wọn ti dàgbà, ó máa ń pẹ́ kó tó jí, nígbà tó fi jí, ohun tí mo rí ni ojú dúdú, lẹ́tà funfun, nísàlẹ̀ pátá ni a kọ (initramfs) sí, tó ń ṣẹ́jú, ibi tí Linux máa ń dúró sí tí kò bá lè dìde tán nìyẹn. Ó ní fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù orí /dev/sda1 ń fẹ́ fsck àfọwọ́ṣe, ìyẹn ètò tó ń yẹ háàdì dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe. Bàbá wò mí. Mo tẹ `fsck -y /dev/sda1`, mo tẹ `exit`, ó dìde. Firefox wá ń pariwo pé ibi tí a fẹ́ lọ ò ṣe é fọkàn tán, mo wo ọjọ́, ó ti tún yí padà, mo fọwọ́ tún un ṣe, gbogbo ẹ̀ sì lọ. Mo ní ọ̀nà Ìsánlú sí Mọ̀pà yìí ni, kòtò ti mi háàdì dísìkì. Mo kọ́ ọmọ náà ní àṣẹ méjèèjì tí mo tẹ̀, pé tó bá tún ṣẹlẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́. Mo lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni fóònù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà á pè mí láàárọ̀, "Bùrọ̀dá, ó tún ti ṣe é o." Ó ti di lójoojúmọ́. Àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́ gan-an, ibi tó ti wá dùn nìyẹn. Bàbá kíyè sí i pé tó bá jẹ́ àwọn nìkan ló lò ó, tí wọ́n tẹ ìtàn ìdílé tiwọn, tí wọ́n pa á, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó máa ń dìde wẹ́rẹ́. Àmọ́ tí ọmọ yẹn bá lò ó nírọ̀lẹ́, tó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kejì (initramfs) ni. Bàbá fi ojú tíṣà wò ó, wọ́n ṣèwádìí, wọ́n dájọ́: ohun tí ọmọ náà ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Wọ́n fòfin de íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Màmá ní kí ọmọ náà wá gbààwẹ̀.

Mo fẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi náà gba Bàbá gbọ́ díẹ̀. Mi ò sọ ọ́ síta, àmọ́ mo bi ọmọ náà lóhùn kékeré pé kí lò ń dáńlóòdù. Ó ní ìbéèrè JAMB ni. Mo ní ó dáa. Kò dáa lọ́kàn mi.

Mo tún gbé àpótí náà lọ sí Ìsánlú. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ mú olè. fsck tó ń béèrè fún àfọwọ́ṣe, ọ̀pọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ fura sí háàdì dísìkì, mo tẹ `smartctl -a /dev/sda`, tó ń sọ ìlera dísìkì, mo wo Reallocated, mo wo Pending, ìyẹn iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́, òdo lòdo. Mo ní ó dáa, RAM ni. Mo gbé Memtest86+, tó ń dán RAM wò, sórí fláàṣì, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò rí àṣìṣe kankan. Mo ní bóyá wáyà SATA tó so háàdì dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù ni, mo pààrọ̀ ẹ̀. Mo tún antiX fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo ń tàn án mo ń pa á, mo ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kódà mo wo bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Mo gbé e padà sí Mọ̀pà, ó ṣe é ní ìṣẹ́jú tí a tàn án. Bàbá ní, "Injiníà, ṣé kì í ṣe pé ilé mi ni ò fẹ́?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa sanwó ọ̀kadà nìyẹn.

Mo pinnu pé mi ò ní gbé àpótí náà kúrò ńlẹ̀ mọ́, èmi ni màá jókòó sínú ilé yẹn títí ó fi máa ṣe é lójú mi. Mo wá ní Sátidé. Iná ti lọ láti òru. A jókòó. A sọ̀rọ̀ kajú, a sọ̀rọ̀ ìdìbò, wọ́n gún iyán. Nǹkan bíi aago mẹ́ta ni iná dé, kí n tó dìde ọmọ náà ti sáré lọ tan kọ̀ǹpútà, mo rí i tó nawọ́ sí kíbọọ̀dù, ó tẹ nǹkan kan, mónítọ̀ ò tíì jí rárá, ojú ẹ̀ ṣì dúdú kirikiri.

Mo ní, "Kí lo tẹ̀?"

Ó ní, "F1 ni."

"Ta ló ní kí o tẹ F1?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé ta ló ní kó mí. "Bùrọ̀dá, báyìí la ṣe máa ń tàn án. Tí a ò bá tẹ̀ ẹ́ kì í lọ. Bí mo ṣe bá a nílé yìí nìyẹn."

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé yẹn ti ń tẹ F1 bí ẹni ń kí àlejò ní Òkun, mónítọ̀ tó ń pẹ́ jí ò sì jẹ́ kí èmi rí ọ̀rọ̀ náà rí. Mo ní kó pa á, kó yọ púlọ́ọ̀gì, kí a mu omi, kó tún un so, kó tàn án, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mónítọ̀ jí. Ó wà níbẹ̀ gbàgàdà: CMOS checksum error, defaults loaded, ìyẹn ni pé ohun tí a yàn nínú BIOS ti sọnù, tẹ F1 kí o máa lọ, tẹ F2 kí o wọ setup. Mo tẹ F2. Ọjọ́ inú ẹ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2011, aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Bátìrì. Bátìrì rogodo kan ṣoṣo tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, CR2032, irú èyí tó ń wà nínú rìmóòtù ọkọ̀.

Iṣẹ́ bátìrì yìí ni kó máa gbé aago kọ̀ǹpútà lọ, kó sì pa ohun tí a yàn nínú BIOS mọ́ nígbà tí kò sí iná. Àmọ́ tí púlọ́ọ̀gì bá wà lára ògiri tí iná sì ń wọlé, kódà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, power supply ń fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù, fólíìtì márùn-ún, òun náà ló ń gbé aago yẹn. Ní sọ́ọ̀bù mi tí ínfátà wà, bátìrì ò níṣẹ́ kankan, ó ti kú, mi ò mọ̀. Nílé Bàbá, NẸ́PÀ mú iná, aago kú, BIOS gbàgbé ohun gbogbo, ayé padà sí 2011. USB tí mo gbé síwájú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ló gbà lọ. Kòtò ọ̀nà Mọ̀pà ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ńkọ́? Ìyẹn ló gba àkókò lọ́wọ́ mi jù, mo ní kí n tò ó pa pọ̀ kí n tó bá Bàbá sọ̀rọ̀. Linux máa ń kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n fọwọ́ kan háàdì dísìkì gbẹ̀yìn sára ẹ̀. Tí ó bá ń dìde, fsck á fi ìyẹn wé aago tó wà lára bọ́ọ̀dù. Tí Bàbá bá lò ó, wọn kì í tún ọjọ́ ṣe, ìwé ni wọ́n ń tẹ̀, ọjọ́ ò kàn wọ́n, 2011 ni wọ́n bá a, 2011 ni wọ́n fi í sí. Iná lọ, aago padà sí ìbẹ̀rẹ̀ 2011, ìyàtọ̀ ò tó ọjọ́ kan, fsck á ní aago ẹ ló ń ṣe wéréwéré, á tún un ṣe fúnra ẹ̀, á máa lọ. Ọmọ yẹn ní tiẹ̀ fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì, Firefox ò sì ní gbà fún un pẹ̀lú ọjọ́ 2011, nítorí ìwé ẹ̀rí àwọn sáìtì ò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ó máa ń fọwọ́ tún ọjọ́ ṣe bí mo ṣe tún un ṣe lójú ẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà dáadáa, ọjọ́ òní wà lára háàdì dísìkì. Iná lọ lóru. Láàárọ̀, kọ̀ǹpútà jí sí 2011, ó wo háàdì dísìkì, ó rí i pé ọ̀la ni wọ́n ti fọwọ́ kàn án, ọ̀la tó jìnnà gan-an, ó ní èyí ju agbára òun lọ, kí èèyàn wá. (initramfs).

Àpẹẹrẹ tó wà nílẹ̀ tún ni mo fi han Bàbá. Mo ṣí fódà wọn, ìtàn ìdílé tí wọ́n tẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, orí tí wọ́n ti kọ nípa ogun Nupe, ọjọ́ ẹ̀ ni January 1, 2011. Iṣẹ́ JAMB ọmọ yẹn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọjọ́ tó tọ́ ló wà lára ẹ̀. Bàbá yọ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí.

Bátìrì ò sí ní Mọ̀pà lọ́jọ́ yẹn. Mo fi mítà wọn èyí tó wà nínú ẹ̀, kò tó ìdajì fólíìtì kan, mẹ́ta ló yẹ kó ní. Ọjọ́ ọjà ni mo dé Kàbà, mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe aago ọwọ́. Èyí tó kọ́kọ́ fún mi wà nínú ike tó ń dán, mo ní kó dúró, mo yọ mítà jáde lójú ẹ̀, 2.6. Ó bínú díẹ̀. Ó mú òmíràn wá láti inú dúrọ́ọ̀, 3.1, mo san owó méjì, ọ̀kan fún Bàbá, ọ̀kan fún àpò mi. Ẹ má ra bátìrì yìí láìwọ̀n ọ́n, èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ nínú oòrùn pọ̀ lọ́jà.

Mo fi í sí i, mo wọ BIOS, mo tún ọjọ́ ṣe, mo gbé háàdì dísìkì síwájú, mo sì yan pé tí iná bá lọ tó bá dé kó má tan ara ẹ̀, nítorí iná tó ń dé ní Mọ̀pà máa ń kọ́kọ́ fò sókè kó tó balẹ̀. Nígbà tó dìde mo tún ọjọ́ inú Linux wò, mo tẹ `sudo hwclock --systohc` kí bọ́ọ̀dù àti Linux lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́: mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, mo ní kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì sùn ní Mọ̀pà. Láàárọ̀ a so ó, kò béèrè F1. Ọmọ náà ṣì nawọ́ tẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà ilé tó bá wọ sọ́ọ̀bù mi, kí n tó wo ohunkóhun màá kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀, màá fi sílẹ̀ fún alẹ́ kan, màá tàn án, màá tẹ `date`. Títẹ̀ ẹ́ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. smartctl àti Memtest dáa, mi ò bú wọn, àmọ́ mo lo ọ̀sẹ̀ kan lórí wọn nígbà tí ẹ̀rí wà lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé pé "Báwo lẹ ṣe máa ń tàn án?" kí wọ́n tàn án lójú mi, pẹ̀lú mónítọ̀ tiwọn, nítorí ohun tó ti mọ́ wọn lára, wọn ò ní ka á sí àìsàn, wọn ò ní dárúkọ ẹ̀. Tí bátìrì ò bá sí nítòsí, tí ẹni tó ni ín sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lónìí, a lè kọ `broken_system_clock = 1` sábẹ́ [options] nínú /etc/e2fsck.conf kí fsck má fi ọ̀rọ̀ aago da ilé rú mọ́, kí a sì tẹ `sudo update-initramfs -u` lẹ́yìn ẹ̀. Ìtúnṣe ìgbà díẹ̀ nìyẹn o. Ẹni tó bá lè rí bátìrì kó ra bátìrì.

Bàbá ò sọ fún ọmọ yẹn pé kó má bínú, àgbà Òkun wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ SS3. Àmọ́ nígbà tí mo ń múra àtilọ wọ́n fún un lówó dátà, wọ́n ní kó lọ fi wo ohun tó bá wù ú. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n bá wọn tún ọjọ́ ara fáìlì ìtàn ìdílé yẹn ṣe, pé ó rọrùn, `touch` lásán ni. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọdún 2011 ni àwọn fẹ̀yìn tì, tí àwọn sọ pé àwọn á bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn.